Wọ́n dá fáìlì orúnkún mi padà: ìrírí mi nínú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ètò yìí. Aṣojú tó bá mi gbé ẹjọ́ náà láìgba kọ́bọ̀ ni mo fún ní márààrún.

Lọ́dún 2008, mo já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ológun ní Iraq lóru. Orúnkún ọ̀tún mi wú títí ṣòkòtò kò fi gbà á mọ́. Mo gbé oògùn ìrora mì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọkùnrin a máa mú nǹkan mọ́ra, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wá béèrè owó ìfarapa lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó yẹ̀ mí wò kò lò ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Mo ká orúnkún lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ó kọ̀wé pé kò sí àkọsílẹ̀ láti ojú ogun, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ológun ló fà á. Ìwé ẹ̀rí ẹni tó gbé mi dìde nílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn wà nínú fáìlì. Kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Èyí ló dùn mí jù.

Láti oṣù kejì 2019 tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló wà bí wọ́n bá kọ̀ fún yín: kí ẹ mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọ̀gá mìíràn tún fáìlì kan náà wò, tàbí kí ẹ fi fọ́ọ̀mù 10182 gbé e lọ bá adájọ́ ní Board of Veterans' Appeals, ìgbìmọ̀ VA tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọdún kan péré lẹ ní bí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù ọjọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ yín. Ti adájọ́ la mú.

Lẹ́yìn ìdúró gígùn, lẹ́tà dé. Mo rí "remand", ìyẹn ni pé wọ́n dá fáìlì padà, ọkàn mi wó. Ìyàwó mi ti ń kí mi pẹ̀lẹ́. Aṣojú mi, ọmọ Ìbàdàn tí òun náà ti wọ aṣọ ológun rí, ló sọ lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn."

Adájọ́ kò dá mi láre, kò sì dá mi lẹ́bi. Ó ní àyẹ̀wò náà kò pé, kí wọ́n lọ tún un ṣe, kí dókítà gba ọ̀rọ̀ ẹnu èmi àti ẹlẹ́rìí mi yẹ̀ wò, kó má fi àìsí àkọsílẹ̀ nìkan parí ọ̀rọ̀. Láti 1998, nínú ẹjọ́ Stegall, ni ilé ẹjọ́ tó ga ju Board lọ ti sọ pé ohun tí remand bá pa láṣẹ, ẹ̀tọ́ wa ni kí wọ́n ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí sórí.

Mo tẹ lẹ́tà náà jáde, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, mo gbé e lọ síbi àyẹ̀wò kejì. Dókítà yìí jókòó tì mí. Ó béèrè bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá le, àti bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n ká orúnkún. Wọ́n fún mi ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìfarapa mi, wọ́n sì ka owó rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ béèrè, torí n kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù nìyí: lábẹ́ òfin tuntun, bí wọ́n bá tún kọ̀ lẹ́yìn remand, fáìlì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ bá adájọ́. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ. Ìbéèrè mi lórí ẹ̀yìn tó ń dùn mí, tí wọ́n dá padà pọ̀ mọ́ ti orúnkún, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Mo fi 10182 mìíràn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.