Bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin: ti ilé-ìwé ni àbí ti kíláàbù?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn òbí l'Ékòó.

Ní ti owó, ilé-ìwé ló rọjú: pápá wà nínú ọgbà, kò sówó ọkọ̀. Ti kíláàbù, ẹ ó ra bàtà, ọmọ á wọ dáńfó lọ, á wọ̀ ọ́ bọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sì jẹ àkókò ìwé kíkà.

Ṣùgbọ́n tó bá di ti ìdàgbàsókè, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdíje ilé-ìwé kì í pẹ́ tán. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kíláàbù, ọmọ ń wo àwọn àgbà tó ń gbá líìgì. Kíláàbù FC Robo ti Èkó ni agbábọ́ọ̀lù Asisat Oshoala wà kó tó lọ sí Rivers Angels, kó tó dé Liverpool ní 2015. FC Robo náà ni Rasheedat Ajibade ti wá, kápútẹ́nì Super Falcons, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà tó gbé ife Áfíríkà ní Mòrókò ní 2025. (Ẹ má torí orúkọ méjì ta ilẹ̀ o!)

Ewu kíláàbù ni ìrìn àjò àti ìwé àdéhùn: ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọmọ ọdún 9 tó kàn fẹ́ràn eré, ilé-ìwé tó o. Ẹni ọdún 14 tí kóòṣì ń yìn, tí kíláàbù ò sì jìnnà sílé, kó lọ gbìyànjú.