Dátà inú ìrántí lórí sáfà Java: @Singleton, Hazelcast tàbí Redis?

Kí ẹ tó yọ owó lápò fún irinṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú dátà sínú ìrántí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: JVM (ẹ̀rọ aláìfojúrí tó ń mú ètò Java ṣiṣẹ́) mélòó ni ètò yín ń lò? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ẹ kò sì ní in lọ́kàn láti fi èkejì kún un, ẹ má ra ohunkóhun. @Singleton ti EJB (ìlànà Java fún kóòdù orí sáfà), àmì tó ń mú kí ẹyọ ohun kan ṣoṣo wà fún gbogbo ètò, tó wọlé pẹ̀lú Java EE 6 lọ́dún 2009, ti tó kí gbogbo oníbàárà fi jọ máa lo dátà kan náà. Ẹ kàn kíyè sí i pé bí a kò bá yí i padà, àgádágodo ìkọ̀wé ló máa ń fi sára gbogbo mẹ́tọ́ọ̀dù rẹ̀, débi pé àwọn tó kàn fẹ́ ka dátà yóò máa tò sẹ́yìn ara wọn bí èrò báńkì lọ́jọ́ owó oṣù. @Lock tí a fi READ sí ló ń tú ìlà náà ká.

Ibi tí sáfà bá ti di méjì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí @Singleton inú JVM kọ̀ọ̀kan dá dúró ni: ohun tí oníbàárà kọ sọ́dọ̀ sáfà kìíní, ẹni tí a darí sí èkejì kò ní rí i.

Java ni wọ́n fi kọ Hazelcast, irinṣẹ́ tó ń pín dátà inú ìrántí láàárín àwọn sáfà, ó sì lè gbé inú JVM kan náà pẹ̀lú ètò yín. Ẹni tó ń lo Payara Server, sáfà kan fún ètò Java, ti ní in lọ́wọ́ ná. Ó máa ń pín dátà sí ọ̀nà 271, ó sì máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí dátà má baà bá ẹ̀rọ tó kú lọ. Àmọ́ inú heap yín (ìrántí tí JVM ń lò) ni dátà náà máa ń wà bí ẹ bá gbé e sínú ètò, bó bá sì ti pọ̀ jù, garbage collector, tó ń kó ohun tí a kò lò mọ́ kúrò nínú heap, lè máa dá iṣẹ́ dúró.

Redis, ní tirẹ̀, jẹ́ ibi ìpamọ́ dátà inú ìrántí tó dá wà lóde heap, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, ètò PHP tàbí Python náà sì lè kà á. Gbogbo ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ gba orí nẹ́tíwọ̀kì kọjá. Ẹ yẹ láísẹ́ǹsì rẹ̀ wò dáadáa: ó kúrò lórí BSD (láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ tí òfin rẹ̀ kò pọ̀) ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó sì fi AGPL (láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ tí òfin rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ) kún un lọ́dún 2025. Valkey, tí wọ́n yà láti ara Redis, tí Linux Foundation sì ń bójú tó, ṣì wà lórí BSD, òun ni èmi yóò mú.

Ẹni tó wà lórí WildFly, sáfà Java mìíràn, ti ní Infinispan, irinṣẹ́ tó jọ Hazelcast. Ẹni tó wà lórí WebLogic, sáfà Java ti Oracle, kó wo Coherence, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò ṣàtúnṣe kóòdù tí kò dára. Ká ní ìjókòó 1 ló kù nínú bọ́ọ̀sì: oníbàárà méjì ké sí get (àṣẹ tó ń ka dátà) lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì rí 1, àwọn méjèèjì kọ 0, ènìyàn méjì ti sanwó ìjókòó kan. Nínú Hazelcast, executeOnKey, tó ń ka dátà tó sì ń yí i padà láìsí ẹlòmíràn láàárín, ni kí ẹ lò. Nínú Redis tàbí Valkey, ẹ lo DECR, àṣẹ tó ń yọ 1 kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ̀ fún ẹni tí èsì rẹ̀ bá wọ abẹ́ òdo. Ẹ dán èyí wò pẹ̀lú sáfà méjì, kí ẹ pa ọ̀kan láàárín iṣẹ́, kí ẹ tó sanwó.