Ìsọ̀ elélùú kan ní Òṣogbo: ìmọ̀ràn wọn ju ọjà lọ

Ọjà aró wọn dára, àmọ́ bí ẹ bá béèrè lásán pé, "Kí ló dé tí aró mi ń ṣí?", ìdáhùn lásán lẹ máa gbà. Ẹ mú ègé aṣọ náà dání. Ẹ sọ bóyá òwú ni tàbí poliẹ́sítà (ìyẹn kì í mu aró), iye ṣíbí kọ́sítíìkì (sódà líle) àti hydrosulphite (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí ń mú kí aró lè wọnú òwú) tí ẹ lò, àti bóyá ẹ fọ sítáàṣì ara aṣọ tuntun kúrò. Hydrosulphite tí a kò fi ìdérí bò ló sábà máa ń fà á: atẹ́gùn ti gba agbára rẹ̀, aró kò ní wọnú òwú. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè. Ẹ má sì dá wọn dúró nígbà tí ọwọ́ wọn wà nínú ìkòkò. Wọn kì í kọ ìwọ̀n sára ọ̀rá, ìyẹn kù díẹ̀ káàtó.