Àjàrà wo ni kí ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé ní Houston: Flame Seedless, Victoria Red tàbí muscadine?

Bí ẹ bá ń gbé ní Houston tàbí àwọn ìlú tó yí i ká, Katy, Sugar Land, Pearland, Richmond, tí ẹ sì fẹ́ gbin àjàrà sẹ́yìn ilé, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa tà fún yín. Àkọ́kọ́ ni àwọn aláìníkóró tí gbogbo wa ń rà jẹ: Flame Seedless tó pupa, àti Thompson Seedless. Ìkejì ni Victoria Red. Ìkẹta ni muscadine, àjàrà tí gúúsù ilà oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bí fúnra rẹ̀. Èmi ti gbin Flame Seedless, muscadine ló wà lọ́gbà mi báyìí. Victoria Red wà lọ́gbà ọ̀rẹ́ mi kan ní Richmond, èmi àti ẹ̀ jọ máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ ní oṣù Kejì.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí èyí tó dùn jù. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dùn. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni pé ṣé ó lè yè níbí.

Àrùn tó ń pa á

Pierce's disease ni wọ́n ń pè é. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Xylella fastidiosa ló ń fà á. Inú iṣan tí omi ń gbà láti gbòǹgbò lọ sí ewé ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ títí iṣan náà á fi dí. Omi wà nílẹ̀, gbòǹgbò ń fà á, kò sì dé òkè. Ẹni tí kò mọ̀ á máa bomi rin ín láràárọ̀, òùngbẹ á ṣì máa pa ewé rẹ̀.

Kòkòrò ló ń gbé e láti igi kan dé òmíràn. Sharpshooter lorúkọ ìdílé wọn. Èyí tó tóbi nínú wọn tó bí ìdajì íǹṣì, àwọ̀ igi gbígbẹ ló ní, ìyẹ́ rẹ̀ sì mọ́ gaara. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí i, kì í tètè fò. Á fẹ̀gbẹ́ rìn, á yí ẹ̀ka po, á lọ fara pa mọ́ sódì kejì. Tí ẹ bá yí síbẹ̀, á tún yí kúrò. Omi inú iṣan igi ló ń mu, ó sì máa ń tọ̀ ọ́ jáde ní ìkán-ìkán láìsinmi. Ibi tí omi yẹn bá gbẹ sí lára ewé á funfun bí ẹni fi ẹfun pa á. Tí ẹ bá rí ẹfun yẹn, àlejò ti dé. Ìhà ibí yìí gan-an ni ilé kòkòrò náà, kò sí oògùn tí ẹ máa fọ́n sí ẹ̀yìnkùlé kan tó máa lé e tán ládùúgbò. Àjàrà igbó tí wọ́n ń pè ní mustang, tó gun gbogbo igi etí odò káàkiri Texas, lè gbé bakitéríà náà sínú láìkú, kòkòrò á sì mu níbẹ̀ kó tó wá sọ́dọ̀ yín.

Àrùn yìí ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1880, ó run oko àjàrà Anaheim ní California débi pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ yíjú sí ọsàn. Newton Pierce ni ìjọba àpapọ̀ rán lọ wò ó, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1892, orúkọ rẹ̀ ni àrùn náà sì ń jẹ́ títí dòní. Títí di àkókò yìí, kò sí oògùn tó ń wo igi tó bá ti kó o. Òtútù líle nìkan ló máa ń pa bakitéríà náà nínú igi, ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà lókè ní àríwá fi ń gbin ohun tó wù wọ́n. Houston kì í sábà ní irú òtútù bẹ́ẹ̀.

Ibí ni owó mi ti wọlẹ̀. Ilé ìtajà tí mo ti ra Flame Seedless kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó bá agbègbè 9 mu, agbègbè wa sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: nọ́ńbà agbègbè tó ń wà lára páálí, òtútù nìkan ló ń sọ. Ó ń sọ pé igi náà kò ní kú ní ìgbà ọyẹ́ ibí. Kò sọ ohunkóhun nípa àrùn, kò sì sọ nípa ilẹ̀. Páálí ọ̀hún kò parọ́, àmọ́ òótọ́ tó wà lára rẹ̀ kò ran ẹni tó ń rà á lọ́wọ́.

Igi náà kọ́kọ́ gbà. Ó gun wáyà, ó so, a jẹ níbẹ̀, ó dùn. Ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e ni etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, láti ẹ̀gbẹ́ wọnú, pẹ̀lú ìlà pupa láàárín ibi tó gbẹ àti ibi tó ṣì tutù. Lẹ́yìn náà, ewé ń já, ṣùgbọ́n igi ewé kì í bá a já: pẹlẹbẹ ewé á bọ́ sílẹ̀, igi tínínrín tó gbé e dúró á ṣẹ́ kù sára ẹ̀ka bí igi ìṣáná. Ẹ̀ka tó yẹ kó ti di igi gbígbó tó pọ́n rúsúrúsú kù ní àbùlà, ibí pọ́n, ọ̀hún ṣì tutù. Èso sún jọ sórí ìdì. Bí ẹ bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pa pọ̀ lára igi kan ní oṣù Kẹjọ, ẹ má ra ajílẹ̀ sí i mọ́, ẹ hú u.

Mo mú rìsíìtì padà lọ. Wọ́n ní ọdún kan ni àdéhùn ìdápadà wọn, ó sì ti kọjá. Ẹ wò ó dáadáa: àrùn yìí kì í sábà pa igi láàárín ọdún kan. Ó máa ń dúró kí àdéhùn yẹn tán. Owó igi kọ́ ló sì dùn mí jù. Òpó, wáyà, sìmẹ́ńtì, àti àwọn ọdún tí igi mìíràn ì bá ti fi wà lórí wáyà yẹn, ta ló máa san án?

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ Flame Seedless tàbí Thompson Seedless ní Houston, ẹ kọjá. Ilẹ̀ gbígbẹ àfonífojì California ló bá wọn mu.

Àwọn méjì tó lè yè

Muscadine kò bá àwọn yòókù tan tímọ́tímọ́. Igbó Gúúsù ilà oòrùn Amẹ́ríkà ló ti wá, ibẹ̀ náà ni kòkòrò ọ̀hún ti wá, wọ́n ti jọ ń gbé láti ayébáyé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú oríṣi rẹ̀ kò ka àrùn náà sí. Ní erékùṣù Roanoke ní North Carolina, ìtàkùn muscadine kan wà tí wọ́n gbà pé ó ti tó 400 ọdún.

Victoria Red ní tirẹ̀, Yunifásítì Arkansas ló mú un jáde pẹ̀lú Yunifásítì Texas A&M. Wọ́n dán an wò ní ẹ̀bá ìlú Victoria, tí kò jìnnà sí etí òkun wa, níbi tí àrùn náà ti le gan-an, ó sì yè, orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó ní kóró, ìdì rẹ̀ gùn, èso rẹ̀ tóbi, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Tí ẹ bá gbé e sórí tábìlì, àlejò á rò pé ọjà lẹ ti rà á.

(Ẹnìkan á béèrè nípa Champanel, tí Munson ará Denison ní Texas mú jáde ní 1893. Igi tó le ni, amọ̀ kò sì dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n jáàmù ló dára fún ju jíjẹ lásán lọ.)

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

*Ilẹ̀.* Ibí ni Victoria Red ti ṣíwájú, mi ò ní bò ó. Muscadine fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, pH 5.5 sí 6.5, tí omi kì í dá dúró sí. Ìhà Conroe tó ní yanrìn àti igi páìnì dára fún un. Amọ̀ dúdú wa ní Katy àti Sugar Land kò bá a mu, omi ẹ̀rọ wa kò sì ràn án lọ́wọ́: ewé á di yẹ́lò, iṣan ewé nìkan á kù tó tutù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ ebè ńlá tó ga dé orúnkún, mo po yanrìn àti èèpo igi páìnì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, mo ń fi imí ọjọ́ sí i, mo sì ń gbe omi òjò fún un. Láti ìgbà náà, ewé rẹ̀ ń dán. Iṣẹ́ ebè yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni.

*Oògùn fífọ́n.* Iṣẹ́ Victoria Red kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àrùn kan wà tó ń sọ èso àjàrà di dúdú, tó ń sún un jọ bí èso gbígbẹ, òjò àti ooru ìgbà ìrúwé wa sì ni oúnjẹ rẹ̀. Láti ìgbà tí ewé bá ti yọ ni ọ̀rẹ́ mi ti ń fọ́n oògùn sí i, tí òjò bá sì fọ̀ ọ́ kúrò, á tún fọ́n. Ọdún tó rìnrìn-àjò lọ sílé ní oṣù Kẹrin, kò sí ẹni tó bá a fọ́n ọn, ohun tó bá nígbà tó dé kò tó jẹ. Muscadine mi kò tíì rí oògùn rí.

*Jíjẹ.* Èèpo muscadine nípọn. Ọmọ tó bá ti mọ àjàrà ọjà á kọ́kọ́ tutọ́ rẹ̀ dànù. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń mu agbálùmọ̀: kó fi ibi tí èso ti já kúrò lórí ìtàkùn sẹ́nu, kó fún un, kí inú rẹ̀ fò wọlé, kó tutọ́ èèpo àti kóró. Àwọn ọmọ mi ń jẹ ẹ́ báyìí kí n tó jí.

*Akọ tàbí abo.* Èyí ń dàmú àwọn tó ń ra muscadine. Supreme àti Fry jẹ́ abo nìkan, wọn kò ní so láìsí oríṣi tó ń so fúnra rẹ̀ nítòsí. Carlos, Noble, Cowart àti Southern Home ń so fúnra wọn. Tí ẹ̀yìnkùlé yín bá gba igi kan ṣoṣo, ẹ mú nínú mẹ́rin yìí. Victoria Red ń so fúnra rẹ̀.

*Àyè.* Muscadine fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 20 lórí wáyà. Victoria Red, 8.

*Ọyẹ́.* Ní oṣù Kejì 2021 tí Houston bọ́ sí ìwọ̀n 13 Fahrenheit, tí igi ọsàn kú káàkiri, àwọn méjèèjì hù padà.

*Ìkórè.* Victoria Red, ìdì lẹ ó máa gé, ẹyẹ sì ń jẹ ẹ́ tí kò bá sí àwọ̀n. Muscadine ń pọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbọn wáyà.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá fẹ́ àjàrà tó jọ ti ọjà, tí ẹ kò ní ibi tẹ́ ẹ máa kọ ebè sí, tẹ́ ẹ sì máa wà nílé ní gbogbo ìgbà ìrúwé láti fọ́n oògùn, Victoria Red dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Bí iṣẹ́ alẹ́ bá ń gbé yín jáde, tàbí ẹ máa ń lọ sílé lọ́dún, tàbí ẹ fẹ́ igi tí ọmọ yín máa bá níbẹ̀, ẹ gbin muscadine.

Ẹ rà á ní oṣù Kìíní sí oṣù Kejì, nígbà tí kò bá tíì yọ ewé. Ẹ wo orúkọ oríṣi gan-an lára páálí. Tó bá jẹ́ pé "muscadine" nìkan ni wọ́n kọ, ẹ gbé e sílẹ̀, nítorí ẹ kò lè mọ̀ bóyá abo ni. Tí ẹ bá rí omi tó ń kán láti ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé ẹ̀ka rẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ má fòyà, kì í pa á, ẹ má kun nǹkan kan sí i.