Òṣèré méjì tàbí mẹ́rin fún tọkọtaya kan?

Eré tó fẹ́ fi àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó hàn ní wákàtí méjì ní ìṣòro kan: ta ni yóò ṣe ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ta ni yóò ṣe ìyá arúgbó?

Àwọn kan á mú ọ̀dọ́ méjì àti àgbà méjì. Ó yá, kò sì ní wàhálà. Àgbà tó bá di orúnkún mú kó tó dìde kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Àmọ́ tí ojú bá yí padà, òǹwòran á máa bi ara wọn pé, "Ta tún nìyí?"

Òṣèré méjì péré ni mo fara mọ́. Lóòótọ́, àtíkè tí wọ́n fi sọ irun di funfun lè máa ṣàn pẹ̀lú òógùn lábẹ́ iná June 12 Cultural Centre l'Abẹ́òkúta. Kí wọ́n fi aṣọ ràn án lọ́wọ́: adìrẹ Ìtòkú méjì, bátànì kan náà. Ọ̀kan dúdú kirimú fún ọjọ́ ìgbéyàwó, èkejì ti ṣá, etí rẹ̀ ti já. Obìnrin náà á wọlé pẹ̀lú èyí tó ti ṣá, ohùn rẹ̀ á ti rẹlẹ̀, á sì pe ọkọ rẹ̀ ní "Olówó orí mi" bó ṣe pè é lọ́jọ́ kìíní.