Láptọ́ọ̀pù tí iléèwé ní kí ọmọ mi máa gbé wálé: oṣù mẹ́jọ rèé, ẹ wá gbọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí láti ọjọ́ yìí pé báwo ni láptọ́ọ̀pù tí iléèwé fún ọmọ mi ṣe rí, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan kí n yé tún un sọ. Àkúrẹ́ la wà, SS2 lọmọ mi wà ní iléèwé aládàáni kan (mi ò ní dárúkọ wọn o, mo ṣì fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n lórí owó tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀). September ni wọ́n pín in, olúkúlùkù òbí fi 40,000 náírà sílẹ̀ bíi dìpọ́síìtì, wọ́n ní tá a bá dá a padà láì bàjẹ́ àwọn á dá owó wa padà. A sì fọwọ́ sí ìwé, ìwé ọ̀hún gùn ju àgírímẹ́ǹtì ilé tí mò ń gbé lọ.

Chromebook kékeré ni, ìyẹn láptọ́ọ̀pù tó ń lo ChromeOS ti Google dípò Windows, ojú ẹ̀ ínǹṣì 11.6, RAM 4GB, sítórééjì 32GB. Tó o bá mọ láptọ́ọ̀pù díẹ̀ wàá ti yínmú báyìí, èmi náà yínmú. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní FUTA ló ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ChromeOS ò wúwo tó Windows, 4GB á gbé e. Ó sì gbé e lóòótọ́, kí n tó ka mẹ́wàá ó ti tàn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló fi hàn mí ní Settings ọjọ́ tí Google máa ṣíwọ́ àti máa fi update ránṣẹ́ sí i, ó kọ 2029 síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tokunbọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí pé ọdún 10 tí Google ní àwọn á fi máa fi update ránṣẹ́, ìgbà tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ yẹn jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Bátìrì ẹ̀ ló gba ọkàn mi. Tí iná bá wá lọ́sàn-án tá a ṣájì í kún, ọmọ mi á lò ó tó wákàtí mẹ́jọ, nígbà míì ó ń dé ọ̀la. Tokunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń lò, ẹ sáà yọ wáyà lára ẹ̀ báyìí, ó kú nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ṣájà ẹ̀ sọnù, a fi ti fóònù mi sí i, ó kọ ọ́ sójú pé ṣájà yìí ò lágbára, a pa á dé, a lọ sùn, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ ó ti kún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dátà. Alẹ́ Sunday kan lóṣù November, òjò ń rọ̀, kò síná, asáínmẹ́ǹtì Government gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ tíṣà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ mi tẹ Google Docs tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́, nǹkan náà kàn ń yí bìrí. Dátà ti tán, update ti fà á mu lọ́sàn-án. "Mọ́mì, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o, ó ní òun ò rí íntánẹ́ẹ̀tì." Ó ti ń sunkún. Ni mo bá ró ìró, mo da báàgì náílọ́ọ̀nù borí, mo lọ kan géètì ìyá ìbejì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀: "Ìyá ìbejì, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tan hotspot." Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló kú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán wọ́n ní, "Láti fi ṣe iṣẹ́ iléèwé? Ṣé bíírò ti wọ́n ni?" Ọmọ mi jókòó sí pálọ̀ wọn títí di aago mọ́kànlá kọjá.

Ẹ wá wo ohun tó dùn mí. Docs yẹn ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì! Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti tan offline ẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iléèwé ló sì tì í pa. Mo lọ bá tíṣà kọ̀ǹpútà ní Monday, orí àga ẹ̀ ló jókòó sí, kò fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù kankan, ó tẹ nǹkan méjì lórí tiẹ̀, ó ní ó ti ṣí fún gbogbo SS2. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tó lé mi sínú òjò. Nígbà tí wọ́n pín Opọ́n Ìmọ̀, táblẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé, l'Ọ́ṣun ní 2013, inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n kó ìwé sí, kì í bi èèyàn ní dátà. Torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ ti ṣí offline?

Nǹkan míì tí wọ́n tì, Play Store tá a ti ń gba áàpù Android. Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB, láti 2015 orí kọ̀ǹpútà nìkan ni, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ó yẹ kó máa fi ti ilé dánra wò. Àmọ́ sọ́fúwíà CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí mo rà l'Ọjà Ọba, ti Windows ni, kò wọ Chromebook, ti Android náà ò wọlé torí títì. Ó padà sórí fóònù mi.

Kíbọ́ọ̀dù náà wọn ò jẹ́ ká fi Yorùbá kún un. Tíṣà ní kí wọ́n kọ nípa ọdún Igógo ní Ọ̀wọ̀, ọmọ mi tẹ "Olowo Owo", kò sí àmì kankan, Ọlọ́wọ̀ ti Ọ̀wọ̀ wá di olówó owó. Bíírò pupa ló fi fa àmì sí i lẹ́yìn tá a tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kámẹ́rà ńkọ́? Mo ti lẹ plásítà mọ́ ọn. Ìwé tá a fọwọ́ sí sọ pé iléèwé lè máa wo ohun tọ́mọ ń ṣe lórí ẹ̀, mo sì rántí ẹjọ́ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ní 2010, tí wọ́n ń fi kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù iléèwé ya fọ́tò àwọn ọmọ nínú ilé wọn, tí wọ́n fi san 610,000 dọ́là láti parí ẹjọ́ náà. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbí o, plásítà mi ṣáà ni.

Ní báyìí, àbúrò ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ti fi ṣíbí hú bọ́tìnnì A kúrò. Iléèwé ní odindi kíbọ́ọ̀dù làwọn máa pààrọ̀, 35,000 náírà, wọ́n á yọ ọ́ nínú dìpọ́síìtì. Mo gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lọ́nà Ọba Adésidà, ó yí i dojú dé wò, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé e o, síìlì iléèwé ló wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn." Ìdérí bíírò lọmọ mi fi ń tẹ rọ́bà kékeré tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wo lèèyàn sì fẹ́ kọ tí ò ní A? Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì ẹyọ kan ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ ọ́, wọ́n máa gbà á padà lóṣù tó ń bọ̀.