Àyẹ̀wò Iṣẹ́ GPS: Irú Ọjà Wo Gan-an Ni?

GPS, iṣẹ́ tí ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí a wà, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Kí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó pín ọjà sí ìsọ̀rí, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi í: bí ẹnì kan bá lò ó, ṣé yóò dín kù fún ẹlòmíràn? Ǹjẹ́ a lè fi du ẹni tí kò sanwó? Aṣọ tó wà lọ́rùn mi kò lè wà lọ́rùn ẹlòmíràn, ẹni tó sì ń tà á lè fi dù mí; ohun àdáni nìyẹn.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, GPS yege pátápátá. Àwọn sátẹ́láìtì, tí wọn kì í dín ní 24 ní ìwọ̀n bí 20,000 kìlómítà lókè ayé, ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Fóònù kàn ń gbọ́ ni, kò fi ohunkóhun ránṣẹ́ padà sí wọn. Bí gbogbo ayé bá ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ìpín tirẹ̀ yóò dín kù. Ohun tí Paul Samuelson, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kọ ní 1954 nípa ohun ìlò gbogbogbòò, èyí tí ìlò ẹnì kan kì í dín ti ẹlòmíràn kù, bá a mu rẹ́gí.

Ìbéèrè kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà, tó ni iṣẹ́ yìí, ń mọ̀ọ́mọ̀ da èyí tí ará ìlú ń gbà rú, tó fi lè ṣìnà tó bí 100 mítà, nígbà tí àwọn ológun ń gba èyí tó péye. Ààrẹ Clinton ni ó ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn sátẹ́láìtì kò yí padà lọ́jọ́ náà. Àṣẹ lásán ni ó sọ ohun tí a há mọ́ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ di ti gbogbo ayé. Nítorí náà, n kò gbà pé ara ọjà ni ìsọ̀rí ti wá, bí àwọn olùkọ́ kan ṣe máa ń fi kọ́ni. (Owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà ni a fi ń bójú tó o, àwọn yòókù kò dá nǹkan kan sí i.)

Àkóbá kan wà níbẹ̀: bí áàpù bá darí gbogbo awakọ̀ gba ọ̀nà àbùjá kan náà, ọ̀nà yẹn a di ohun àjọlò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bà jẹ́ fún ẹnì kejì, irú èyí tí ìwádìí Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, dá lé lórí. Mo fún GPS ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé kì í ríran dáadáa nínú ilé.